Aṣọ Ọ̀gbọ̀ Tó Jóná

Máníjà tuntun ju aṣọ ìnuwọ́ orí tábìlì méjì síwájú Ìyá Aṣọ bí ẹni ń ju egungun fún ajá.

"Ẹ fọ̀ wọ́n, ẹ lọ̀ wọ́n, kẹ́ ẹ gbé wọn wá bá mi láago mẹ́rin. Èyí tẹ́ ẹ bá yàn la máa rà fún gbogbo òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ aṣọ."

Ìyá Aṣọ ṣa aṣọ méjèèjì nílẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tọ́jú aṣọ tábìlì nínú yàrá abẹ́ àtẹ̀gùn yìí, kò sì sí máníjà kankan tó bi í léèrè rí bóyá funfun ló fẹ́ tàbí pupa. Ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ da ibẹ̀ rú ni wọ́n rántí pé ó lójú. Agbaṣẹ́ṣe tó ń kó oúnjẹ wá sí òtẹ́ẹ̀lì ti ta á lólobó láàárọ̀: bí wọ́n bá ra aṣọ tí kò nílò lílọ̀, wọn ò ní nílò yàrá ìlọṣọ mọ́, wọn ò sì ní nílò Pẹlẹbẹ tó ń lọ aṣọ níbẹ̀. Bí Pẹlẹbẹ bá wá di ẹni tí wọ́n dá dúró, máníjà á ní, "Ṣebí Ìyá Aṣọ ló yàn án." Inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń hó.

Ó gbé àkọ́kọ́ sókè sójú fèrèsé. Rọ́bà gbáà ni. Ó ta omi sí i, omi náà ṣù sórí rẹ̀, kò wọlé. Ẹni tó bá fi irú aṣọ yìí nu ẹnu, ṣe ni ọbẹ̀ á kàn ṣí láti ètè lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ìkejì, ọ̀gbọ̀ tí wọ́n hun pọ̀ mọ́ òwú ni. Ó fún un pọ̀ lọ́wọ́, ó tú u sílẹ̀. Ó hunjọ bí ọ̀gbọ̀ ṣe máa ń ṣe, àfi kí èèyàn lọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òwú inú rẹ̀ kò jẹ́ kó le koko. Omi kán sí i, ó fà á mu lójú ẹsẹ̀. Ìyá Aṣọ tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ní kó yan ọkọ fún ọmọ rẹ̀, kò ní yá tó báyìí.

Òun fúnra rẹ̀ ló fọ̀ ọ́ nínú báàfù, pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kò jẹ́ kí ẹ̀rọ fojú kàn án, kò sì da bílíìṣì sí i. Kò lọ́ ọ rárá; ó rọra tẹ omi rẹ̀ dànù, ó sá a síbi ibòji, ó sì ń bá máníjà tí kò sí níbẹ̀ jà ní gbogbo àkókò náà. "Wọ́n á lé ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n á ní èmi ni mo lé e. Irọ́ ni!" Kó tó gbẹ tán ló ká a, ó gbé e fún Pẹlẹbẹ.

Pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pe obìnrin náà nítorí pé kò sí aṣọ tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ tí kì í tẹ́ pẹlẹbẹ. Ìyá Aṣọ ló mú un wọṣẹ́, òun ló kọ́ ọ, òun náà ló sì máa ń dá aṣọ padà fún un bí ó bá rí ìlà tó kéré bí irun orí.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó o ti lọ̀ ọ́, kó o sì máa fa etí rẹ̀ dáadáa. Aṣọ yìí ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ìyá Aṣọ jáde lọ wá páálí tó máa fi gbé aṣọ náà lọ sókè. Nígbà tó padà dé, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín aṣọ náà gan-an, áyọ́ọ̀nù ti jó o, àmì rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, imú rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Pẹlẹbẹ ò sí níbẹ̀.

Kò dúró bi ẹnikẹ́ni. Ó gbá aṣọ náà mú, ó gun àtẹ̀gùn, ó ti ilẹ̀kùn máníjà wọlé láìkàn án.

"Ẹ ò tiẹ̀ tijú! Ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ wá rán ẹni wá jó o!"

Àlejò méjì tó jókòó níwájú máníjà yíjú padà. Máníjà ní, "Ìyá Aṣọ, láti ìgbà tí mo ti fún yín láṣọ ni mo ti wà pẹ̀lú àwọn èèyàn yìí. Mi ò tiẹ̀ mọ ibi tí áyọ́ọ̀nù yín wà."

Ìtìjú bá a, ìtìjú náà sì tún wá bu epo sí ìbínú rẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kilẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Pẹlẹbẹ ti padà. Ó jókòó, ó fi aṣọ tó rẹ sínú omi tútù dì mọ́ èjìká ọ̀tún.

"Ta ló wọ ibí?"

"Kò sẹ́ni tó wọ ibí, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni."

"Ó ṣèèṣì ni?"

"Rárá. Mo gbé e lé e, mo sì dúró tì í, mo ń wò ó."

"Ìwọ!" Ìyá Aṣọ fi páálí na tábìlì. "Èmi ń jà nítorí ẹ látàárọ̀, o wá ń dáná sun ún! Wọ́n fẹ́ lé ẹ, àbí o ò gbọ́ ni?"

"Mo gbọ́. Mo fẹ́ kí wọ́n lé mi ni." Ó gbìyànjú láti gbé apá náà sókè. Kò kọjá àyà rẹ̀. "Ọdún kẹta rèé tí apá yìí ti ń dùn mí. Ọmọ mi ló ń bá mi wọ aṣọ láàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ mú mi wọṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ojú wo ni mo fẹ́ fi sọ fún yín pé mi ò ṣe mọ́?"

Ìyá Aṣọ ṣì ń bínú, àmọ́ kò mọ ẹni tó ń bínú sí mọ́. Ó rántí aṣọ méje tó dá padà lánàá nìkan. Ó rántí pé ọwọ́ òsì ni Pẹlẹbẹ fi gbà wọ́n, tí òun sì bá a wí níwájú àwọn agbáwo pé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Máníjà pariwo láti orí àtẹ̀gùn. "Ìyá Aṣọ! Aago mẹ́rin ti lù! Èwo lẹ wá yàn?"

Ìyá Aṣọ fa àga, ó jókòó síwájú Pẹlẹbẹ. Ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò bi í ní ìbéèrè kankan rí ju pé ṣó ti parí lọ.

"Kí lo fẹ́ kí n sọ fún un?"

Pẹlẹbẹ wo ojú rẹ̀ títí, ó ń wò ó bóyá ìdánwò ni. Ìyá Aṣọ gbé páálí náà sílẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń dúró kó sọ̀rọ̀.