Lẹ́nu Ọ̀nà Dókítà Sherifa

Dókítà Sherifa fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, kò rán ẹnikẹ́ni sí Mùnírátù. Ó ní, "Bí ọmọ yẹn bá fi ìdajì ọjọ́ dákẹ́ nínú rẹ láìmira, má dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò o. Wá bá mi." Láti àná, lẹ́yìn ìrun Àsárì, ni ọmọ náà ti dákẹ́. Oyún oṣù mẹ́jọ ni. Ẹ̀kẹta ni, méjì àkọ́kọ́ kò dúró.

Mùnírátù mu omi tútù, ó mu kókó tó dùn gan-an, ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ọmọ kò tapá. Ilẹ̀ mọ́ tán, ó pe nọ́ńbà tó wà lára káàdì rẹ̀. Afua ló gbé e, ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sídìí tábìlì àbáwọlé ilé ìwòsàn náà, ní Ashaiman, ìlú òkèèrè tí wọ́n ń gbé. Afua ní Ọjọ́bọ̀ ni àyẹ̀wò rẹ̀, ó sì pa fóònù. Ẹni tó ni ilé kò tíì lé ọ, ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn ti lé ọ!

Ni òun àti ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Àrínọlá, bá wọ ọkọ̀ èrò trotro lọ síbẹ̀. Aago méje ni wọ́n débẹ̀. Afua kò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò lára fóònù rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ọ́? Sọ ọ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀." Èdè Twi ló fi sọ ọ́, ó sì sọ ọ́ sókè débi pé gbogbo àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbọ́. Àwọn ọkùnrin yíjú. Ìyá onítòmátì tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ọṣẹ Mùnírátù náà yíjú, ó na etí sílẹ̀.

Mùnírátù la ẹnu. Ìyá Àrínọlá fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Láti ilé ló ti ń kìlọ̀ fún un pé, "Ìyàwó mi, má sọ ohun tó wà nínú rẹ níta gbangba. Ẹnu ayé ò dáa. Dókítà nìkan ni kó gbọ́." Lẹ́yìn oyún méjì tó bọ́, ta ló máa bá màmá arúgbó jiyàn? Mùnírátù rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Dókítà ni mo kàn fẹ́ rí."

Afua kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Ó ti fáìlì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Tena ase," ó ní, ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì.

Wọ́n jókòó. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn ń wọlé. Ọkùnrin kan gbé páálí mọ́ọ̀tì sábẹ́ tábìlì Afua, ìyàwó rẹ̀ sì wọlé kí ó tó fìdí kan bẹ́ǹṣì. Mùnírátù ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀, ó ń pe ọmọ náà lábẹ́ ẹ̀mí. Nígbà tí aago lu mẹ́sàn-án, Ìyá Àrínọlá dìde, ó sì lọ kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó lè bí.

"Mama, ẹ dìde," Afua ní. "Ẹ̀yin Alata, ẹ̀yin àjèjì yìí, ẹ ò mọ sùúrù. Kò sí nǹkan kan tó ń ṣe é. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Òótọ́ ni! Òótọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ló dá iná sí Mùnírátù lára. Inú bí i sí Afua, inú bí i sí ìyá ọkọ rẹ̀ tó wà lórí ìkúnlẹ̀, inú bí i jù lọ sí ẹnu ara rẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ó dìde.

"Ọmọ mi kò mira láti àná!" ó figbe ta. "Gbogbo yín, ẹ gbọ́! Ìyá onítòmátì, ẹ gbọ́ dáadáa, kí ẹ lè rí nǹkan sọ lọ́jà! Oyún méjì ti bọ́ lára mi, ẹ̀kẹta ti dákẹ́, dókítà ló sì ní kí n wá!"

Afua sáré dí ilẹ̀kùn. "O ò lè wọlé."

"Fọwọ́ kàn mí, kí o wò ó."

Ilẹ̀kùn ṣí láti inú. Dókítà Sherifa wo Mùnírátù, ó ní, "Láti ìgbà wo?"

"Láti Àsárì àná. Aago méje ni mo ti wà níbí."

Dókítà wo aago ara ògiri, ó wo Afua. Ó fa Mùnírátù wọlé. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lé ikùn rẹ̀ pẹ́ kí ó tó fọhùn. Nígbà tó fọhùn, ọkàn ọmọ ń lù jẹ́jẹ́, ó ń falẹ̀ bí ẹni tó ti rẹ̀. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n fi gbé Mùnírátù lọ fún iṣẹ́ abẹ.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ó pẹ́ kó tó ké, ṣùgbọ́n ó ké. Dókítà ní bí wọ́n bá tún pẹ́ tó wákàtí kan sí i lórí bẹ́ǹṣì yẹn, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àrínọlá jókòó ti ibùsùn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ìyàwó mi, èmi ni mo pa ẹnu rẹ mọ́. Ọmọ ti délẹ̀ láàyè, má bínú mọ́."

Mùnírátù wo ọmọ náà títí.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣì bínú ná."