Hàrúnà Kò Pe Ọmọ Rẹ̀

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró.

Hàrúnà tó ń ta okùn àti tapólì fún àwọn onítírélà lẹ́nu ọ̀nà pọ́ọ̀tù, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á sọ fún yín pé ọkùnrin náà fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Lómé ní Tógò ni wọ́n bí òun sí, Bè-Kpota ló sì ń gbé. Ọmọ kan ṣoṣo ló dúró fún òun àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀, ìyẹn Ìsìlámíyátù. Ọmọ yìí wá mọ̀wé! Ó mọ̀wé títí ó fi wọ ínífásítì, ó lóun máa kọ́ òfin, èyí tí wọ́n ń pè ní dúróà. Ọdún kẹta rẹ̀ ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Geneviève, ọ̀rẹ́ Ìsìlá, ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé, já wọlé tòun ti fóònù lọ́wọ́. Kò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

Hàrúnà ní, "Bí wọ́n ṣe ń wọlé ní Atakpamé nìyẹn? Bonjour ńkọ́?"

"Bàbá, ẹ má bínú, ẹ káàsán. Ìsìlá dà? Ẹ wá gbọ́ nǹkan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní fákọ́tì, níbi tá a ti ń kọ́ òfin!"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka Faransé, Ìsìlá ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ń wá àwọn ọmọ tó ń kọ́ òfin, tí kò tíì gba ìwé ẹ̀rí, tí wọ́n máa mú lọ sí Abidjan fún ọdún kan gbáko. Ọ̀dọ̀ àwọn àgbà lọ́yà ni wọ́n á ti máa kọ́ṣẹ́, wọ́n á máa jókòó ní kóòtù bí ẹjọ́ bá ń lọ. Ilé ọ̀fẹ́, oúnjẹ ọ̀fẹ́. Ẹni méjì péré ni wọ́n máa mú. Èèyàn á kọ́kọ́ kọ̀wé, àwọn tí ìwé wọn bá dára, wọ́n á pè wọ́n wá rojọ́ níwájú àwọn àgbà. Ẹni tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ náà tí kò sí níbẹ̀, tiẹ̀ ti parí nìyẹn, wọn ò ní pè é mọ́.

Àṣàkẹ́ wà lórí ẹní, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í rìn jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò ṣàìsàn.

Ó ní, "Ẹjọ́ ni wọ́n fẹ́ kó rò? Kí wọ́n máa mú un lọ kíá! Ọmọ tó bá mi rojọ́ lórí ẹran títí tí mo fi yọ tèmi fún un."

Hàrúnà ní, "Tìrẹ nìkan? Òfin tó kọ́ lọ́dún yìí, ó ti fi gba itan adìyẹ lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Geneviève náà rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sórí ẹ̀wà. Ilé yẹn dùn lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ n sọ fún yín.

Àwọn méjèèjì kọ̀wé, wọ́n sì pe àwọn méjèèjì. Nígbà tó ku ọ̀la tí wọ́n máa lọ rojọ́ ní ínífásítì, Ìsìlá ní òun á lọ sùn ní yàrá Geneviève lẹ́bàá ibẹ̀ ní Tokoin, torí ọ̀nà Bè-Kpota láàárọ̀, Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí sémì, ọ̀kadà tiwọn níbẹ̀, máa já. Ìyá rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó bá a tún gèlè orí rẹ̀ ṣe.

"Má wolẹ̀ níwájú wọn o. Ojú wọn ni kó o máa wò."

Ìyẹn lọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá ọmọ rẹ̀ sọ.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ kejì, bí Àṣàkẹ́ ṣe ń ká ẹní ìrun, ó ṣubú. Hàrúnà gbé e sínú tákísí, ó di ọsibítù ní Tokoin. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, wọ́n sa gbogbo ipá wọn. Ó lajú lẹ́ẹ̀kan.

"Ìsìlá ńkọ́?"

"Ó ń bọ̀."

"Ẹ pè é fún mi."

"Mo ti pè é."

Irọ́ ni. Kò pè é. Ó rò pé ara ìyàwó òun máa balẹ̀ tó bá ṣe díẹ̀, pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, ìyá àti ọmọ á fojú rinjú. Oòrùn ò tíì mú rárá tí Àṣàkẹ́ fi dákẹ́.

Ẹ wá wo nǹkan o. Ibi tí ìyá kú sí àti ibi tí ọmọ wà, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn ín. Hàrúnà jáde ní ọsibítù, kò mọ ìgbà tó rìn dé iwájú ínífásítì. Ó dúró ní òdìkejì títì, lábẹ́ igi kan, ó sì rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn géètì. Ìsìlá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ń rìn síwá sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ ń lọ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó ń kéwú. Geneviève sọ nǹkan kan, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Hàrúnà la ẹnu. Tó bá pariwo, ó máa gbọ́.

Ohun tí bàbá rẹ̀ máa ń sọ ló wá sí i lọ́kàn: ẹni tó wà lórí ọ̀pẹ, ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tó sọ fún un pé ilé ń jó. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe ń ṣe é, àbí? Ẹni tó wà lẹ́nu ohun ńlá, a kì í túfọ̀ fún un. Ó lóun á jẹ́ kó parí. Ó pa ẹnu dé, ó sì yí padà.

Wọ́n gbé òkú délé. Bàlògún, ẹ̀gbọ́n Hàrúnà, ti dé, àwọn ààfáà ti dé.

Bàlògún ní, "Ìsìlá dà? Òun ló yẹ kó ṣáájú àwọn tó máa wẹ ìyá rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ó wà níbi tí wọ́n ti ń dán wọn wò. Tó bá kúrò níbẹ̀, ó pàdánù nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

"Títí di ìgbà wo?"

"Ẹ jẹ́ kó di àsárì."

Wọ́n kírun àsárì tán, Ìsìlá ò dé. Hàrúnà wá tẹ fóònù Ìsìlá báyìí, ó tẹ ti Geneviève náà. Wọ́n ti ní kí gbogbo wọn pa fóònù. Àwọn ààfáà ń wojú ara wọn, torí lọ́dọ̀ tiwa, òkú kì í pẹ́ nílẹ̀. Ìyàwó Bàlògún àti ìyá oníbúrẹ́dì àdúgbò wọn ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí wọ́n ń da iyanrìn bò ó, fóònù ni Hàrúnà ń wò. Ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tẹ̀ ẹ́.

Ilẹ̀ ń ṣú bọ̀ nígbà tí Ìsìlá bọ́ sílẹ̀ lórí sémì. Àtọ̀nà ló ti ń pariwo, "Bàámi! Màámi! Wọ́n mú mi! Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè!"

Ó rí ẹní nílẹ̀, ó rí bàtà púpọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́ ni?"

Ìyàwó Bàlògún fà á lọ́wọ́, ó gbé abọ́ ìrẹsì síwájú rẹ̀. "Kọ́kọ́ jẹun, ọmọ mi. O ò tíì jẹun látàárọ̀."

Àwọn ọmọ wa mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Bí gbogbo àgbà ilé bá ní kó o kọ́kọ́ jẹun, o ò ní béèrè bóyá ẹnì kan kú, ta ló kú lo máa béèrè. Ìsìlá wo ojú wọn yíká. Ó wá wo orí ẹní tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí.

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?" Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n sọ fún un.

"Bàámi, ìgbà wo?"

"Láàárọ̀."

"Láàárọ̀ wo? Ọ̀sán la tó bẹ̀rẹ̀! Mo jókòó lásán títí di ọ̀sán!"

Hàrúnà jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní òun dúró lábẹ́ igi, òun rí i. Ó ní, "Torí tìẹ ni. Mo rò pé..."

"Ṣé ẹ mọ ìbéèrè tí wọ́n bi mí?" Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, ìyẹn ló tiẹ̀ bani lẹ́rù. "Wọ́n ní ṣé adájọ́ lè dá ẹjọ́ kan lẹ́yìn ẹni tó ni ẹjọ́. Mo ní rárá. Mo ní bí ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ hàn kedere bí ojú ọ̀run, ẹ gbọ́dọ̀ pè é kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi, Bàámi. Ìgbà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ yẹn, ẹ ti dá tèmi tán."

Bàlògún ní, "Ìsìlá, bàbá rẹ nìyẹn o."

"Mo mọ̀, bàbá wa. Ẹ ò rí i pé mo kúnlẹ̀?"

Lóòótọ́, orí ìkúnlẹ̀ ló wà.

Hàrúnà rò pé Ìsìlá ò ní lọ sí Abidjan mọ́. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, ọmọ náà wá ń di ẹrù. Bàbá rẹ̀ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ní, "Ṣé o máa lọ?"

"Tí mi ò bá lọ, kí la wá fi ìsìnkú Màámi pààrọ̀?"

Láàárọ̀ ọjọ́ tó máa lọ, ó ní kí bàbá òun mú òun lọ sí ibojì ìyá òun. Òjò ti rọ̀ sílẹ̀ gan-an lọ́sẹ̀ náà. Iyanrìn Lómé, ẹ mọ̀ ọ́n, kì í di ìrísí mú. Wọ́n sì ti sin àwọn ẹlòmíì sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, òkìtì tuntun pọ̀ níbẹ̀. Hàrúnà rìn lọ, ó padà, ó nàka, ó tún ká ìka rẹ̀ kò.

"Èyí ni... Rárá. Mo rò pé ẹ̀gbẹ́ èyí ni."

"Ṣebí ẹ wà níbẹ̀."

"Fóònù ni mò ń wò, ọmọ mi. Ìwọ ni mò ń pè."

Ìsìlá dúró síwájú òkìtì àkọ́kọ́, ó tẹ́ ọwọ́, ó ṣe àdúà. Ó sún sí èyí tó kàn, ó ṣe é. Ó ṣe é fún gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó kéré bíi ti ọmọdé. Hàrúnà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń ṣe àmín sí èyí tí kò dá a lójú.