Ẹ̀rín Màmá Kò Sí Lábẹ́ Òfin

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ̀bà ni mo jẹ sùn o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọtí ni.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yìí ni mo tún gbé kámẹ́rà mi jáde nínú àpótí. Láti ìgbà tí mo ti di ọ̀gá ní iléeṣẹ́ omi ni mo ti pa fọ́tò yíyà tì, torí ọ̀gá kì í ráyè ṣe ohun tó wù ú. Ọ̀rọ̀ màmá mi ló mú mi padà sí i. Ní Sátidé tó ń bọ̀, Adégòkè àbúrò mi máa wá mú wọn lọ sí Ìlọrin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n á sì máa gbé. Gbogbo fọ́tò wọn tó wà nílé, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ojú wọn le koko bí ojú ẹja. Àwọn ọmọ mi ti bi mí rí bóyá ọlọ́pàá ni màmá àgbà. Bẹ́ẹ̀, tí màmá mi bá rẹ́rìn-ín, tí èjí wọn yọ, ara á tu gbogbo ilé. Ẹ̀rín yẹn ni mo fẹ́ yà kí wọ́n tó lọ.

Nínú àlá náà, kámẹ́rà jókòó sórí àga mi, ó ń mu tíì mi.

“Ẹ káàbọ̀ sà,” ó ní. “Ṣebí ẹ ní ẹ ń bọ̀ láìpẹ́?”

Mo ní iṣẹ́ ló pọ̀.

“A rí i. Omi tí ẹ ń pín ló kún gbogbo ilé yìí.”

Kámẹ́rà ní òun ò ní lajú fún mi àfi tí mo bá gbàṣẹ ní Ọ́fíìsì Àwọn Tó Sá Lọ Tó Tún Padà. Òkè òrùlé Ìkìrun ni ọ́fíìsì náà ń fò kiri, wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ. Mo pọn màmá mi, mo gun ìbẹ́pẹ.

Ọ̀gbẹ́ni mẹ́ta ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn de táì. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Fádáhùnsi, bi mí pé kí ni mo fẹ́ yà.

“Ẹ̀rín màmá mi ni, sà.”

“Ẹ̀rín kò sí lábẹ́ òfin,” ó ní. “Ọmọlúàbí tó bá fẹ́ ya fọ́tò á jókòó dáadáa.”

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ìwo ń yọ lórí rẹ̀. Irùngbọ̀n ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti di òbúkọ, àwọn yòókù náà sì tẹ̀ lé e. Mo tún kí wọn, nítorí nígbà tí mo kí wọn tẹ́lẹ̀, ènìyàn ni wọ́n. Wọ́n dáhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ okùn kámẹ́rà mi. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo rí wọn ṣe láti àárọ̀ nìyẹn.

Màmá mi rí òbúkọ tó de táì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ kámẹ́rà kíá. Fádáhùnsi wúkọ́, ó pọ fọ́tò náà jáde lẹ́nu. Dúdú ni látòkè délẹ̀, bí ìdí ìkòkò.

“Iṣẹ́ ńlá,” Fádáhùnsi ní. “Mo rí èjí yẹn kedere.”

“Èmi rí ti ìyá tó bí wọn pàápàá,” ni èkejì wí.

Wọ́n fi pátákò pàtẹ́wọ́, wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ mi lọ́rùn. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú mi bàjẹ́ gidi, torí màmá mi ò sí nínú fọ́tò ọ̀hún. Nígbà tí mo gbójú sókè, okùn ti já, ọ́fíìsì ń gbé màmá mi lọ sápá Ìlọrin. Wọ́n ń juwọ́ sí mi, èmi sì wà lórí ìbẹ́pẹ. Mo ta jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Màmá mi jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mi ò bọ́jú, kámẹ́rà ni mo gbé. Mo gbé e sójú, òkùnkùn ni mo rí. Mo ní bóyá ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Mo nu ojú mi, mo tún wò ó, òkùnkùn náà ni.

“Àkànní,” màmá mi ní, “ìdérí rẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, èjí yọ, ẹ̀wà ń dà sílẹ̀ nínú àtẹ. Kí n tó yọ ìdérí, wọ́n ti gbé àtẹ sílẹ̀, wọ́n ti tún gèlè ṣe, ọwọ́ méjèèjì ti dé orúnkún.

“Ó yá, yà á.”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tún rẹ́rìn-ín.

“Ṣé orí mi dàrú ni, tí màá máa rẹ́rìn-ín sí ẹ̀rọ?”

Mo yà á bẹ́ẹ̀. Òun nìyí, ẹ gbà á wò. Ẹ má wo ọwọ́, ẹ má wo orúnkún. Ẹ wo etí ẹnu wọn lápá òsì, ibi tí wọn ò tíì rí pa dé.