Nọ́ọ̀sì Kan Ti Tó

Morádéún wà nínú kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Àkíntáyọ̀, olórí ilé ìwòsàn wọn, ó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀. Ilé ìwòsàn àfarawé ló wà níbẹ̀, èyí tí ọ̀gá náà fi máa ń dán iye òṣìṣẹ́ tó lè tó wò kó tó lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn aláìsàn ibẹ̀ kò lójú, wọn kò nímú. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ kì í jẹun, ẹsẹ̀ kì í ro wọ́n, ọmọ wọn kì í ṣàìsàn nílé. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà fi sọ pé nọ́ọ̀sì kan ti tó wọ́ọ̀dù kan.

Ìbídùn ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rẹ́ Morádéún ni. Òun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀ ní wọ́ọ̀dù nígbà tí wọ́n lé àwọn yòókù. Ẹnu iṣẹ́ ló ṣubú sí, kò sì dìde mọ́. Kò ya Morádéún lẹ́nu pé ó rí i.

Ìbídùn ní, “Wọ́n ṣì ń kà mí mọ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Morádéún na ọwọ́ gba inú gíláàsì ojú kọ̀ǹpútà kọjá, ó di táì Àkíntáyọ̀ mú níta, ó fà á wọlé bí ẹni ń yọ ìgbín nínú ìkarahun. Ó gbé aṣọ nọ́ọ̀sì wọ̀ ọ́. Ìbídùn bọ́ bàtà, ó sì lọ.

Gbogbo bẹ́ẹ̀dì pe Àkíntáyọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń sáré, wọ́ọ̀dù ń gùn sí i. Ẹnu ẹ̀rọ omi kan wà lára ògiri, ọdún ló ń jáde níbẹ̀ dípò omi. Morádéún ṣí i. Irun Àkíntáyọ̀ funfun, bàtà rẹ̀ jẹ tán, ó ń fi orúnkún rìn.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ fi ẹnì kan kún mi.”

Àkíntáyọ̀ kò pe Morádéún ní “ẹ” rí láyé. Ó dùn mọ́ ọn dénú egungun.

“Kọ̀ǹpútà yín ti sọ̀rọ̀, ọ̀gá. Ẹnì kan ti tó.”

Ó tún ṣí ẹ̀rọ náà sí i. Àkíntáyọ̀ ń kéré sí i títí ó fi dà bí ọmọ ọwọ́ arúgbó, ó dùbúlẹ̀ sáàárín bẹ́ẹ̀dì méjì, aṣọ bò ó mọ́lẹ̀. Morádéún dúró, ó ń wò ó. Àánú kò ṣe é.

Aláìsàn kan pè láti ìsàlẹ̀ wọ́ọ̀dù pé, “Nọ́ọ̀sì.” Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Morádéún bojú wẹ̀yìn. Kò sí ẹlòmíràn lórí ìdúró.

Ó jí.