Ọkọ̀ Tí Abẹ́rẹ́ Rẹ̀ Kì í Wálẹ̀

Ẹ má bá mi wí pé mo lẹ́nu. Ẹnu yìí ni mo fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò láti ìgbà tí mo ti wọ iṣẹ́ tíṣà, òun náà ni mo sì fi gba ara mi sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí ọkọ mi ní ọdún tí ìjọba ti ẹnu ibodè pa. Ìbídàpọ̀ ni orúkọ mi. Ìlaròó ni mò ń gbé, Tube ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́hùn-ún létí ibodè, níbi tí àkùkọ àwọn ará ibí ti ń jí àwọn ará ilẹ̀ Kútọnu lójú oorun.

Mọ́tò tí mò ń wà nígbà náà dàgbà ju àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ lọ. Ó ti rin ìrìn débi pé ìrìn náà ti sú nọ́ńbà tó ń kà á, ó dúró sójú kan. Kò burú bí epo bá wà. Ṣùgbọ́n ìjọba tún pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ gbé epo lọ sí ilé epo tó bá sún mọ́ ibodè mọ́, ni ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. Epo tí mo bá rà n'Ílaròó ni mo gbọ́dọ̀ fi lọ, òun náà ni mo gbọ́dọ̀ fi bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò lè gbé kẹ́ẹ̀gì dání. Ẹni tí wọ́n bá ká kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ lọ́wọ́ lójú ọ̀nà yẹn, onífàyàwọ́ ni, ìbáà jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù.

Ògbólógbòó mọ́tò mi ò ro tèmi. Ó ń mu epo, ó ń wá òmíràn. Ó gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́ nínú igbó lẹ́yìn Òwòdé, ó tún gbẹ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ ìwé mẹ́wàá tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde sì jókòó sí kíláàsì láìrí mi. Kò sí tíṣà ìṣirò mìíràn níbẹ̀. Gideon ọkọ mi ní kí n gba ìwé kúrò ní Tube, kí n wá máa kọ́ni n'Ílaròó níbi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé. Mo ní rárá. Bí n kò bá rí ọkọ̀ tí epo díẹ̀ tó, Tube parí fún mi, ìdánwò àwọn ọmọ yẹn náà sì parí. Gbogbo ìjà tí mo jà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló ní àwọn ti rí oògùn rẹ̀. Òwò mọ́tò ni Bọ̀ọ̀dá ń ṣe. Wọ́n ń ṣe é kí wọ́n tó ti ibodè, wọ́n sì ń ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n tì í tán, ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan wọ́n wa ọkọ̀ dúdú kan wọ àgbàlá wa, ó ń dán yinrinyinrin. Wọ́n ní, "Ìyàwó, wá wo mọ́tò tí kì í mu epo."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọlé sí i. Bọ̀ọ̀dá gbé wa gba Igbogila, a dé Jọ́gà-Orílé, a sì padà. Abẹ́rẹ́ epo tó wà níwájú dúró ní ìdajì, kò mira. Ní gbogbo abúlé tí a bá kọjá ni ọkọ mi ń nawọ́ sí i. "Ìyá Dámi, wò ó, kò tíì kúrò lójú kan." Bọ̀ọ̀dá ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń mọ ọkọ̀ tó dáa nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń wò. Bí abẹ́rẹ́ kò bá tètè wálẹ̀, ọkọ̀ kì í mu epo, ọ̀rọ̀ ti tán. Mo ti sọ ọ́ títí pé abẹ́rẹ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ó lè sọ fún ọ bóyá ìkòkò kún tàbí ó dín, kò lè sọ bí ìkòkò ṣe tóbi tó. Wọ́n á ní tíṣà ti tún dé.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n kún un dé ẹnu lọ́la, kí n wà á lọ sí Òwòdé, kí n padà, kí n tún kún un dé ẹnu. Èyí tó bá gbà lẹ́ẹ̀kejì ni èyí tó mu lọ́nà."

Ojú wọn yí padà. "O fẹ́ dán mi wò ni?"

"Mọ́tò ni mo fẹ́ dán wò, Bọ̀ọ̀dá."

"Èmi tí mo mú un wá ńkọ́?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìyàwó ilé kì í yẹ ohun tí ẹ̀gbọ́n ọkọ bá gbé wá wò lójú wọn. O máa kúnlẹ̀ ni, o máa dúpẹ́. Bí nǹkan náà bá fẹ́ bàjẹ́, kó bàjẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti lọ. Ọkọ mi ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Bọ̀ọ̀dá gba kọ́kọ́rọ́ ògbólógbòó mọ́tò mi pé àwọn á fi dí lára owó tuntun, wọ́n sì wà á lọ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí a gbé tuntun wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday kí wọ́n gbàdúrà sí i. Orúnkún mi ló gbà, ọkàn mi kò tíì gbà.

Láàárọ̀ Sátidé mo wà á lọ sí ilé epo. Mo ní kí Mẹ̀dínátù, ọmọbìnrin tó ń ta epo níbẹ̀, kún un dé ẹnu. Epo ń lọ, ó ń lọ. Ó kọjá ibi tó yẹ kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti yó, ó ṣì ń lọ. Mẹ̀dínátù gbójú sókè, ó wò mí, ó wo mọ́tò, ó tún wò mí. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ pé, "Àǹtí, ṣé ẹ̀yin náà ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Kí ni mo bẹ̀rẹ̀?"

Ó yíjú sí nọ́ńbà páǹpù. Àwọn tó tò sẹ́yìn mi ti ń wojú ara wọn. Mo ní kó dá epo dúró. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo fa ìjókòó sókè. Táǹkì kejì ló wà lábẹ́ ibẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n jó mọ́ ara ọkọ̀, tí wọ́n fi páìpù so mọ́ ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó dàgbà ní ilẹ̀ Yewa tí kò mọ irú rẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n fi ń kó epo sọdá ni. Kì í ṣe pé kì í mu epo, ikùn méjì ló ní.

Mo wà á padà sílé, mo fi han ọkọ mi, kò mọ̀ sí i. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, mo sì ń gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá láti ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n ní kí ni gbogbo ariwo yìí. Wọ́n ní àwọn aṣọ́bodè kì í yẹ mọ́tò mi wò, wọ́n ti mọ̀ mí sí tíṣà. Kí n kàn máa kún un láràárọ̀, ẹnì kan wà ní Tube tí yóò máa fa díẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí mo bá wà ní kíláàsì, èrè rẹ̀ ni àwọn á sì fi dí ìyókù owó ọkọ̀. Wọ́n ní àánú mi ló ṣe àwọn.

Inú bí mi. Àánú kẹ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ mí di kẹ́ẹ̀gì ló ń ṣàánú mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú mi, orúkọ mi ni wọ́n máa kọ, ojú mi ni wọ́n máa gbé jáde nínú tẹlifíṣọ̀n, àwọn ọmọ ọlọ́mọ á sì máa retí mi ní Tube.

Gideon bẹ̀ mí. Ó ní, "Ìyá Dámi, bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ. Jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà sí i lọ́la. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a óò rọra dá a padà."

Mo ní, "Bàbá Dámi, iṣu yìí kò ta, ó rà ni. Tí wọ́n bá ti ta òróró sí i lórí, tí ìjọ ti ṣe àmín, ta ni mo tún fẹ́ dá a padà fún? Ó ti di ẹ̀bùn Ọlọ́run nìyẹn."

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kejì, gbogbo ìjọ jáde wá yí ọkọ̀ ká, gẹ́gẹ́ bí àṣà wa. Àwọn obìnrin ti so rìbọ́ǹnì mọ́ ọn níwájú. Bàbá Cornelius, àlùfáà wa, mú ìgò òróró dání. Bọ̀ọ̀dá Gbénga wọ agbádá, wọ́n dúró ti ọkọ̀ náà bí ẹni pé àwọn la fẹ́ yà sí mímọ́. Bàbá Cornelius ní kí n jẹ́rìí díẹ̀ kí àwọn tó gbàdúrà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ má gbàdúrà sí i."

Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo yọ ìjókòó kúrò pátápátá, mo gbé e sórí koríko. Mo ní kí Bàbá wá wo ohun tí wọ́n fẹ́ yà sí mímọ́. Wọ́n wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Nígbà tí wọ́n nàró, wọ́n dé ìgò òróró wọn.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga ní, "Ìyàwó, o tú mi fó lójú ìjọ."

"Ẹ̀yin fẹ́ tú mi fó lójú ìjọba, Bọ̀ọ̀dá. Ti ìjọ ṣì rọrùn."

Mo na kọ́kọ́rọ́ sí wọn. Wọ́n ní kí n má retí ògbólógbòó mi, àwọn ti tà á fún àwọn tó ń gé irin. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni màá fi rìn dé Tube. Mo ní ẹsẹ̀ mi kì í mu epo.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Lọ́jọ́ Monday mo gun ọkadà, lọ́jọ́ Tuesday náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di Wednesday, ọlọ́kadà ní òun ò rí epo tí òun máa fi bọ̀ láti Tube rà mọ́, mo sì jókòó sílé, mo ń sunkún sínú ìwé ìṣirò. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dùn mí. Ẹbí ọkọ mi ń gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá, wọn kì í kí mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo lọ sí Ayétòrò. Ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò níbẹ̀, gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, èèyàn ò mọ èyí tínú ń run. Ọ̀gbẹ́ni Ṣàíbù, tó ń ta kòkó, ní ọkọ̀ kékeré kan lẹ́yìnkùlé, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe taksí n'Íbàdàn. Taksí náà ni wọ́n ti fi í ṣe rí. Ìlà ọ̀dà taksí ṣì wà lára rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo kọ́kọ́ yọ ìjókòó. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi eruku àti èèpo ẹ̀pà. Mo ní mo fẹ́ kún un dé ẹnu, kí n wà á, kí n tún kún un.

Ṣàíbù ní, "Màmá, ẹ wà á dé ibi tó bá wù yín, kí ẹ ṣáà ti padà wá."

Mo wà á dé Ìlaròó, mo wà á padà. Èyí tó gbà lẹ́ẹ̀kejì kéré débi pé ẹni tó ń ta epo bi mí bóyá mo kàn fẹ́ fi ọkọ̀ ṣeré ni. Ìwé rẹ̀ pé. Mo yá owó nínú àjẹṣẹ́kù àwa tíṣà, mo rà á.

Ọkọ mi jáde síta, ó wò ó. "Ìyá Dámi, taksí nìyí."

"Taksí ni."

Kò pẹ́ tí iṣẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ ẹbí pé wọn ò gbọdọ̀ rí kàbúkàbú nínú àgbàlá wa, àgbàlá ẹbí Mákindé. Mo ní kò burú, mo gbé e síta, ní ẹnu ọ̀nà gan-an, níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé yóò ti rí i. Nígbà tí mo máa padà wo ìta, Gideon ti pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ń fọ taksí mi lójú títì. Mo fẹ́ràn ọkọ mi lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ ìgbéyàwó wa lọ.

Lọ́jọ́ Monday mo gba ọ̀nà Tube. Àwọn èèyàn ń dá mi dúró lọ́nà, wọ́n rò pé èrò ni mò ń gbé. Lẹ́yìn Òwòdé mo rí jíìpù funfun kan tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkùnrin kan dúró tì í, ó gbọ́wọ́ sókè sí mi. Ọwọ́ náà wálẹ̀ kíákíá nígbà tí mo sún mọ́ ọn. Bọ̀ọ̀dá Gbénga ni. Epo ló tán.

Mo dúró. "Ẹ káàárọ̀ o, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ wọlé."

"Ṣó o máa gbé mi padà sí Ìlaròó?"

"Tube ni mò ń lọ."

Wọ́n wo ọ̀nà síwájú, wọ́n wo ọ̀nà sẹ́yìn. Wọ́n wọlé sí ẹ̀yìn. Níbi tí àwọn aṣọ́bodè dúró sí, wọ́n dá wa dúró, ìròyìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ti dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú mi. Mi ò jẹ́ kí wọ́n bẹ̀ mí. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ní kí Bọ̀ọ̀dá sọ̀ kalẹ̀, mo yọ ìjókòó tí wọ́n jókòó lé, mo ní kí ọ̀gá wò ó dáadáa. Ọ̀gá wò ó, ó ní kí a máa lọ. Bọ̀ọ̀dá ti fojú sí inú igbó.

Nígbà tí a dé Tube, àwọn ọmọ mi wà létí títì, wọ́n ti gbé àga jáde síbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ọ̀nà. Láti ọjọ́ Wednesday ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀. Wọn ò mọ̀ pé tíṣà wọn ló wà nínú taksí. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, Afeezat, èyí tó kéré jù nínú wọn, kò kí mi. Ó kàn dì mọ́ mi, ó ń sunkún.

Bọ̀ọ̀dá Gbénga ń wò wọ́n láti inú ọkọ̀. Wọ́n ní, "Àwọn nìyí?"

"Àwọn nìyí, Bọ̀ọ̀dá. Ká ní wọ́n mú mi ni, ibi tí wọ́n á ṣì máa jókòó sí nìyí."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n dì í mú. Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí ní ohùn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu wọn rí pé, "Ìyàwó, ìgbà wo la máa padà?"

Mo ní, "Ìgbà tí mo bá kọ́ wọn tán." Mo ní kí àwọn ọmọ gbé àga wọn wọlé.