Ọwọ́ Awọ Lára Ṣòkòtò Dorsey

Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì Ashby Mills, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín lọ́dún 1904. Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré kọjá ìlà àwọn alátakò. Ìdajì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ló ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà, àwọn mẹ́tàlá tó sì gbà láti ṣeré náà kò mọ̀ ju kí wọ́n dorí kodò, kí wọ́n kọ lu ẹni tó bá wà níwájú. Eré mẹ́fà ni wọ́n ṣe ní sáà yẹn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n ti fìdí rẹmi. Ọ̀gá àgbà wọn, Àlùfáà Thayer, wá là á mọ́lẹ̀ pé bí wọn kò bá borí nínú eré keje, òun yóò tú ẹgbẹ́ náà ká, òun yóò sì ní kí wọ́n gbin ọ̀dùnkún sórí pápá. Ó kéré tán, ọ̀dùnkún ṣeé jẹ.

Ọ̀rọ̀ náà ká Alvah Creed, olórí ẹgbẹ́, lára gan-an. Òun ló lọ bá ọkùnrin tó ń rán ìjánu ẹṣin pé kó rán ọwọ́ awọ, irú èyí tó máa ń wà lára àpótí, mọ́ ìbàdí ṣòkòtò àwọn tó ń gbé bọ́ọ̀lù sáré. Láyé ìgbà yẹn, eré kì í dúró kìkì nítorí pé wọ́n ti gbé ẹni tó di bọ́ọ̀lù mú ṣubú. Onítọ̀hún fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kígbe pé, "Mo balẹ̀!" Bí kò bá tíì kígbe, wọ́n lè gorí rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n, àwọn ará tirẹ̀ náà sì lè máa wọ́ ọ lọ síwájú bí àpò àgbàdo.

"Ẹ gbọ́ o," Alvah sọ fún wọn lọ́jọ́ Thursday. "Ẹni tó bá kígbe kí n tó fọwọ́ kan ọwọ́ awọ rẹ̀, kó máa lọ sílé, kó lọ fún wàrà màlúù ìyá rẹ̀."

Dorsey Mabry ló dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ Alvah ni, ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti jọ ń gbé yàrá kan náà. Ọmọ àgbẹ̀ alágbàdo ni, ó kúrú, ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn abà, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ọ̀gá Alvah, màlúù ìyá mi gbọ́n jù ẹ́ lọ. Tí fífà bá ti pọ̀ jù, ìpá ló máa ta fún ẹ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alvah náà rẹ́rìn-ín.

Ní Saturday, àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì Galt City dé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n pe ara wọn, àmọ́ ọ̀kan nínú wọn ní irùngbọ̀n tó pọ̀ ju ti Àlùfáà Thayer lọ, a sì gbọ́ pé alágbẹ̀dẹ ni. Wọ́n lu ara wọn títí ọ̀sán fi ń lọ, ẹnikẹ́ni kò gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà. Àgbà máa ń sọ pé bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó rántí ìyẹn lórí pápá lọ́jọ́ náà.

Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Wọ́n fún Dorsey ní bọ́ọ̀lù, ó ki orí bọ àárín wọn, wọ́n sì gbé e ṣubú nígbà tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó dé ìlà. Alágbẹ̀dẹ yẹn fò lé e, àwọn mẹ́rin tún gorí rẹ̀. Alvah rọ́nà kiwọ́ bọ abẹ́ wọn, ó sì di ọwọ́ awọ náà mú. Ìgbà yẹn ló gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀, tín-ín-rín.

"Mo balẹ̀, Alvah."

Alvah gbọ́ ọ. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré ló kù. Ariwo àwọn òǹwòran bolẹ̀, rẹfirí kò gbọ́ nǹkan kan, ni Alvah bá fà á. Àwọn yòókù dì mọ́ ọn, wọ́n sì wọ́ Dorsey gba abẹ́ òkìtì èèyàn náà kọjá ìlà. Ọwọ́ awọ náà já sí Alvah lọ́wọ́.

Pápá dàrú. Wọ́n gbé Alvah sórí èjìká, àwọn ọmọ àlùfáà ń fò bí ewúrẹ́. Láti òkè níbẹ̀ ló ti rí Dorsey, tó ṣì wà bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀, tó di bọ́ọ̀lù mọ́ra, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, tí orí rẹ̀ sì dojú kọ ibi tí orí èèyàn kì í kọ sí. Alvah fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, wọn kò jẹ́. Orin ni wọ́n ń kọ.

Dókítà ní ọrùn rẹ̀ ló ṣẹ́. Kí aago ṣọ́ọ̀ṣì tó dún láàárọ̀ Sunday, Dorsey ti kú.

Alvah kò sunkún. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò kúrò lára awọ tó wà nínú àpò rẹ̀. Ní Monday, Àlùfáà Thayer sunkún lórí pẹpẹ. Ó ní ọmọ akin ni Dorsey, pé títí dópin, kò sọ pé, "Mo balẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ gbogbo ìlú débi pé wọ́n ní àwọn máa fín in sára òkúta ibojì rẹ̀. Alvah jókòó síwájú, ó ń gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá Dorsey gbé kẹ̀kẹ́ ẹṣin wá gbé ọmọ rẹ̀. Ó bá Alvah lójú ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí.

"Ìwọ lo ń bá a gbé yàrá kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Wọ́n ní kò kígbe." Ọkùnrin náà ń wo bàtà rẹ̀. "Èmi ni mo fà á. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí ẹṣin tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ló bá figbe ta. Mo nà án. Mo ní ọkùnrin kì í ké. Àtìgbà yẹn, kò ké mọ́. Ká ní ó ké ni, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ rẹ̀ ì bá fi í sílẹ̀. Èmi ni mo pa ọmọ mi."

Kò ronú wò pé ẹlòmíì lè máa gbé ẹrù òun kiri. Ó mú ọwọ́ awọ náà jáde, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà.

"Ó ké, sà. Orúkọ mi ló pè. Mo gbọ́, mo sì fi èyí tó wà lára ṣòkòtò rẹ̀ fà á."

Bàbá náà yí awọ yẹn padà lọ́wọ́.

"Ó ké?"

"Ó ké, sà."

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́."

Alvah ń retí kó gbá òun. Kò gbá a. Ó fi awọ náà sínú àpò ara rẹ̀, ó rìn lọ síbi orí pósí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Di ọwọ́ pósí lápá ẹsẹ̀ yẹn mú," ó ní. "Tí mo bá sọ pé ó tó, kó o jáwọ́."

Wọ́n jọ gbé Dorsey sókè, wọ́n tì í wọnú kẹ̀kẹ́ náà díẹ̀díẹ̀.

"Ó tó," ni bàbá rẹ̀ wí.

Alvah jáwọ́.