Omi Nínú Ilé, Onílé Níta

Ọ̀gbẹ́ni Orville Staszak ni onílé mi ní Toledo. Lọ́dún tó kọjá, ó já wọ yàrá mi láìkan ilẹ̀kùn. Inú bí mi, mo tẹ òfin ìpínlẹ̀ Ohio sórí bébà, mo mú bírò pupa, mo tọ́ka ibi tó ní kí onílé kọ̀wé ní wákàtí mẹ́rìnlélógún ṣáájú kó tó wọlé, mo sì fún un ní bébà náà.

Lánàá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a lẹ́nu ọ̀nà mi, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí bàtà rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń dúró ṣe?"

"Páìpù rẹ bẹ́ láàárọ̀. O ò gbé fóònù. Mo lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn bí òfin ṣe wí. Ó ku wákàtí mẹ́rìndínlógún kí n tó lè wọlé."

"Háà, bàbá yìí! Ṣebí òfin kan náà ló ní tó bá di pàjáwìrì, kẹ́ ẹ wọlé?"

"Níbo ló wà?"

Ó yọ bébà òfin tí mo fún un lọ́dún tó kọjá lápò. Mo wá a títí. Ibẹ̀ gan-an ni mo fi bírò pupa pa rẹ́, kó má baà rí àwáwí.